Ilé ni ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́: Bí òbí ṣe lè kọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́ Kristẹni láàárín ìgbòkègbodò Opebi

Ní nǹkan bí aago 5 ìdájọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, iná ti máa ń tàn nínú ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Opebi, ní Ìkẹjà, ìpínlẹ̀ Èkó. Ìyá ń se oúnjẹ tí ọmọ yóò gbé lọ sí ilé-ìwé, bàbá ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ọmọ kan wà ní balùwẹ̀, òmíràn ṣì ń tòògbé lórí àga. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí àwọn kò bá tètè jáde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ yóò dá àwọn dúró, ì báà jẹ́ ọ̀nà Allen ni wọ́n gbà tàbí ọ̀nà Maryland. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àdúrà ìdílé lè má ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Nígbà mìíràn, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn kì í ṣe é rárá. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú tí àwọn òbí fi máa padà dé, ọmọ ti sùn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn òbí yìí kan náà ni wọ́n dúró níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ wọn lọ sí ilé Ọlọ́run, tí wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò tọ́ ọ ní ọ̀nà Olúwa. Ìbéèrè tó wá yẹ kí ẹni gbogbo bi ara rẹ̀ ni pé, ta ló ń mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ?

Wákàtí mélòó ló wà lọ́wọ́ òbí?

Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń dáhùn pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n á ní olùkọ́ àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, ilé-ìwé tí ọmọ àwọn ń lọ sì jẹ́ ti àwọn Kristẹni. Ṣùgbọ́n ìṣirò kékeré kan lè la ènìyàn lójú. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọmọ bá ń sun wákàtí 9 lálaalẹ́, 63 ti lọ nínú rẹ̀. Bí ó bá ń lo wákàtí 7 ní ilé-ìwé fún ọjọ́ 5, 35 tún ti lọ. Ó ku 70. Ká ní ó lo wákàtí 3 ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, èyí tí wọ́n dìídì fi kọ́ ọ ní Bíbélì níbẹ̀ lè má ju wákàtí 1 lọ. Wákàtí 67 ló ṣẹ́kù, ilé sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń kọjá sí: ọwọ́ òbí, ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀, iwájú tẹlifíṣọ̀n àti orí ẹ̀rọ alágbèéká.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ilé ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, yálà òbí mọ̀ ọ́n mọ̀ tàbí kò mọ̀. Wákàtí 1 kò lè borí 67. Bí ohun tí ọmọ ń rí nílé bá ta ko ohun tí ó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń rí lójoojúmọ́ ni yóò gbà gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Òbí ni Bíbélì gbé iṣẹ́ yìí fún

Nínú orí kẹfà ìwé Diutarónómì, níbi tí Mósè ti ń bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sọ̀rọ̀ lórí òfin Ọlọ́run, òbí ni ó kọjú sí. Ó ní kí wọ́n máa fi òfin náà kọ́ àwọn ọmọ wọn, ó sì dárúkọ ìgbà mẹ́rin tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́: nígbà tí wọ́n bá jókòó nínú ilé, nígbà tí wọ́n bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, àti nígbà tí wọ́n bá dìde. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó nílò ilé ńlá tàbí aṣọ àlùfáà. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni.

Bákan náà, nígbà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ń kọ̀wé sí Tímótíù, ó rán an létí pé ìgbàgbọ́ tó wà nínú rẹ̀ ti kọ́kọ́ wà nínú Loisi, ìyá-ìyá rẹ̀, àti Eunike, ìyá rẹ̀. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì sì jẹ́ kó yé ni pé Gíríìkì ni bàbá ọmọkùnrin náà. Nítorí náà, ilé tí bàbá àti ìyá ti wá láti inú ẹ̀yà àti ìsìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Tímótíù ti jáde, ìyá àgbà kan sì kó ipa tí Pọ́ọ̀lù kò gbàgbé. Ó yẹ kí èyí fún àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń bá ọmọ wọn tọ́ ọmọ ní Èkó lónìí ní ìṣírí.

Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí rí

Kì í ṣe òní ni ìdílé ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1529, Martin Luther ní ilẹ̀ Jámánì tẹ ìwé katikísímù kékeré kan jáde, ó sì ní kí àwọn olórí ilé fi máa kọ́ agbo ilé wọn ní Òfin Mẹ́wàá, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ àti Àdúrà Olúwa.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Susanna Wesley, ìyá John Wesley tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ 19, ṣùgbọ́n àwọn tó kú ní kékeré nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ọkọ rẹ̀ kì í sábà gbélé, owó kò sì tó wọn ná. Síbẹ̀, ó pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run ní alaalẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John, kò sì gbàgbé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọ̀nyẹn nígbà tó dàgbà tán.

Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wá ń ṣe lónìí pàápàá, ohun mìíràn ló bí i. Robert Raikes, oníwèé ìròyìn kan ní ìlú Gloucester, ló mú kí ó gbilẹ̀ láti ọdún 1780. Àwọn ọmọ tálákà tí wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ tó kù ṣiṣẹ́ ni ó wá a fún, nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ọwọ́ wọn dilẹ̀ láti kọ́ ìwé kíkà. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti gba iṣẹ́ òbí lọ́wọ́ òbí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé-ìwé tí àwọn míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Badagry ní ọdún 1843 wà lára àwọn àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni ilé-ìwé àti ìgbàgbọ́ ti jọ ń rìn pọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí àwọn ọmọ kún ló jẹ́ ti àwọn ìjọ. Bí ọmọ bá ti wọ ilé-ìwé, ó ti wọ inú Bíbélì nìyẹn. Àwọn òbí wá fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé náà lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ náà padà sí ilé. Àwọn tó wà nílé kò sì fura pé ó ti padà.

Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther tún fi apá mìíràn hàn. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́rú ní Òṣogùn, tí wọ́n sì pínyà. Ọdún 25 kọjá kí wọ́n tó tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ọmọ náà ti di àlùfáà nígbà náà. Ní oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hana. Nínú ìdílé, nígbà mìíràn, ọmọ ni yóò mú òbí wá sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ọmọ Opebi

Bí a bá mú ìgbà mẹ́rin tí Mósè dárúkọ wá sí Opebi, a ó rí i pé kò sí èyí tí kò ṣeé lò.

Ti òwúrọ̀ ni àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 7 tó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń lo ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́, irú èyí tí ẹgbẹ́ Scripture Union ń tẹ̀, tàbí Open Heavens tí Pásítọ̀ Enoch Adeboye ti ìjọ Ìràpadà ń kọ. Àwọn ìwé yìí dára, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Ọmọ ọdún 5 kò lè jókòó tì í. Ìtàn ni ọmọdé ń gbọ́. Bí ìdílé bá ń ka ẹsẹ 10 lójoojúmọ́ nínú Ìhìnrere Máàkù, kò ní tó oṣù 3 tí wọn yóò fi kà á tán, ọmọ náà yóò sì ti mọ ìgbésí ayé Jésù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn kíkà, kí olúkúlùkù ọmọ gbàdúrà gbólóhùn kan péré, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Ti ojú ọ̀nà ni ìkejì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń bú lè di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn bá ń pariwo kọjá, kí òbí sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ẹni tó wà nínú ẹ̀." Bí ọmọ kan tí kò ju ọdún 10 lọ bá gbé omi inú ọ̀rá wá síbi fèrèsé ọkọ̀, ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ yóò béèrè ìdí tí onítọ̀hún kò fi lọ sí ilé-ìwé. Ìbéèrè yẹn ju ìwàásù wákàtí kan lọ. Kí òbí má pa á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìdí oúnjẹ ni ìkẹta. Àdúrà oúnjẹ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú kà. Ọmọ lè dúpẹ́ fún àgbẹ̀ tó gbin iṣu, fún ìyá tó sè é, kí ó sì rántí aládùúgbò tí kò rí jẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe kí gbogbo ilé jẹun pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ti alẹ́ Sátidé bọ́.

Àkókò oorun ni ìkẹrin, òun ló sì jinlẹ̀ jù. Kí òbí jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, kí ó béèrè ohun tó dùn mọ́ ọmọ lọ́jọ́ náà, kí ó béèrè ohun tó dùn ún, kí ó sì béèrè bóyá ó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ni ọmọ yóò ti sọ ohun tí kò lè sọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Níbẹ̀ náà ni bàbá tó na ọmọ láìtọ́ ní àárọ̀ ti lè sọ pé, "Má bínú, èmi ni mo ṣe àṣìṣe." Ó ṣòro lẹ́nu àgbà Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọ yóò gbà mọ̀ pé ìrònúpìwàdà kì í ṣe ti ọmọdé nìkan.

Ìwà ni ìwàásù tí ọmọ ń gbọ́

Gbogbo àlàyé yìí yóò já sí asán bí ìwà òbí bá ń sọ ohun mìíràn. Onígbèsè lu fóònù, ìyá sì sọ fún ọmọ pé, "Sọ fún un pé mi ò sí nílé." Bàbá gba ọ̀nà tí kò yẹ, òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ dá a dúró, ó sì ti owó sí i lọ́wọ́ lójú ọmọ tí wọ́n jọ kọrin ìyìn jáde nílé ní àárọ̀. Ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, òbí sì sanwó fún ibùdó tí àwọn ènìyàn ń pè ní "míràkù sẹ́ńtà", níbi tí wọ́n ti ń fi ìdáhùn há wọn lọ́wọ́. Ọmọ náà yóò kọ́ ẹ̀kọ́ méjì: pé irọ́ ń ṣiṣẹ́, àti pé a lè fi orúkọ Ọlọ́run bò ó.

Bóyá ibi tí àyẹ̀wò ti le jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá láti abúlé a máa kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ilé nígbà àdúrà. Bí wọ́n bá ṣe àmín tán, òun ni yóò jẹ ìyókù oúnjẹ, òun ni yóò sùn kẹ́yìn, òun ni wọn kò rán lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ onílé ń wo gbogbo rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́ ọ nípa ìfẹ́ ọmọnìkejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, irú ìfẹ́ tó bá rí nílé ni yóò mú lọ sí ilé tirẹ̀ lọ́la.

Èdè wo ni ọmọ fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Opebi àti àwọn àdúgbò bíi rẹ̀ kò gbọ́ ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí ìyá àgbà bá ti ìlú wá, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdájí, ńṣe ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò máa wò ó bí àlejò. Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó lè kà á nínú ilé.

Kì í ṣe pé Ọlọ́run kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń sọnù ni okùn tó so ìgbàgbọ́ ọmọ mọ́ ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọmọ bá mọ Àdúrà Olúwa ní Yorùbá, tí ó mọ orin mélòó kan tí ìyá àgbà ń kọ, tí ó sì mọ ìtumọ̀ orúkọ ara rẹ̀, ó ti ní ogún. Olúwaṣeun, Ìfẹ́olúwa, Jésùtófúnmi: ẹ̀rí tí òbí jẹ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kí òbí sọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ fún ọmọ tó ń jẹ́ ẹ. Ó wà lára ìtàn ìgbàgbọ́ tó sún mọ́ ọmọ jù lọ.

Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi

"Màmá, gbogbo wa la gbàdúrà fún bàbá àgbà, kí ló dé tí wọ́n fi kú?" Irú ìbéèrè yìí máa ń dẹ́rù ba òbí, wọ́n a sì sọ pé kí ọmọ dákẹ́, pé a kì í bi Ọlọ́run léèrè. Ṣùgbọ́n Ìhìnrere Lúùkù sọ pé nígbà tí Jésù fúnra rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún 12, wọ́n bá a nínú tẹ́ḿpìlì láàárín àwọn olùkọ́, tó ń gbọ́ wọn, tó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìhìnrere Jòhánù náà sọ pé ó sunkún nígbà ikú Lásárù, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òbí lè sọ òtítọ́ pé òun pàápàá kò mọ gbogbo rẹ̀, kí ó sì bá ọmọ náà sunkún. Ọmọ tí wọ́n bá pa ìbéèrè mọ́ lẹ́nu ní ọdún 8 lè gbé e lọ síbòmíràn ní ọdún 18, nígbà tí kò ní sí òbí nítòsí.

Ohun tó yẹ kí òbí yẹra fún

A kì í fi Ọlọ́run ṣe eégún tí à ń fi lé ọmọ. Ọmọ tí wọ́n ń sọ fún ní gbogbo ìgbà pé Jésù yóò nà án, ìbẹ̀rù ni yóò mọ̀, kò ní mọ ìfẹ́. Kò bójú mu kí a na ọmọ nítorí pé ó tòògbé nígbà àdúrà aago 5, tàbí kí a fi dandan gbààwẹ̀ fún ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ ń dàgbà. Èyí tó burú jù ni kí a pe ọmọ ní àjẹ́ nítorí pé nǹkan kò lọ déédéé nínú ilé. Ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ìyà tí àwọn ọmọdé jẹ lórí irú ẹ̀sùn yìí pọ̀ débi pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2008 sọ ọ́ di ọ̀ràn.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà náà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Abala 38 ìwé òfin ọdún 1999 kò gbà kí ilé-ìwé fi dandan kọ́ ọmọ ní ìsìn tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ní tirẹ̀ sọ pé ọmọ ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ìsìn, ó sì gbé iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà lé òbí lọ́wọ́, bí òye ọmọ náà bá ṣe ń dàgbà sí. Ìtọ́sọ́nà ni òfin sọ, kò sọ ipá.

Èyí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní ìgbàgbọ́ Kristẹni gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kú ọdún Iléyá láìsí ẹ̀gàn lẹ́nu. Ìgbàgbọ́ tó dúró lórí bíbú ti ẹlòmíràn kò ní gbòǹgbò.

Bí àyè kò bá sí ńkọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí àwọn ráyè. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan ní Oregun tàbí Ọ̀gbà kò lè wà nílé ní àkókò oorun ọmọ. Ṣùgbọ́n ó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ alágbèéká kí ó tó jáde: ìtàn Bíbélì kan àti àdúrà kan, tí ọmọ yóò gbọ́ kí ó tó sùn. Ìyá tó dá nìkan ń tọ́ ọmọ 3 lè gba ọgbọ́n Susanna Wesley lò, kí ó ya ìṣẹ́jú 15 sọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 péré ni gbogbo rẹ̀. Òbí tí kò mọ Bíbélì púpọ̀ náà lè jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí wọ́n jọ kọ́ ọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé pọ̀ ní Opebi, owó ńlá ni wọ́n sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí ọmọ ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń jí ní aago 5, tí wọ́n sì ń padà dé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò dá dúró níbòmíràn, tí ìṣòro yóò dé bá a, tí kò ní sí pásítọ̀ tàbí òbí nítòsí. Ohun tó bá ti gbọ́ létí bẹ́ẹ̀dì àti nínú ọkọ̀, àti ìwà tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí nílé, ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn lọ́jọ́ náà.